Bí Òfin Oògùn Olóró Ṣe Ń Le Sí I àti Ohun Tó Ń Fojú Ẹni Tí A Fẹ̀sùn Kàn Rí

Bí ìjọba bá kéde pé òun ti mú òfin òwò oògùn olóró le sí i, iye ọdún ẹ̀wọ̀n ni aráàlú máa ń kọ́kọ́ gbọ́. Ọdún mẹ́wàá di ẹ̀wọ̀n gbére, ẹ̀wọ̀n gbére di ikú. Ọ̀nà mìíràn wà tí òfin fi ń le tí ariwo rẹ̀ kì í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Òfin lè gbé ẹrù ẹ̀rí kúrò lọ́rùn ìjọba, kó jẹ́ olùjẹ́jọ́ ni yóò máa làágùn láti fi hàn pé òun kò mọ ohun tó wà nínú báàgì. Ó lè gbé ẹjọ́ kúrò ní ilé-ẹjọ́ tí gbogbo ayé mọ̀ lọ síwájú ìgbìmọ̀ àkànṣe. Ó lè dí ọ̀nà béèlì, ó sì lè gbẹ́sẹ̀ lé ilé, mọ́tò àti owó ẹni tí adájọ́ kò tíì dá lẹ́bi. Ẹni tí a dá lẹ́bi nìkan ni iye ọdún ẹ̀wọ̀n ń kàn. Àwọn yòókù ń kan gbogbo ẹni tí wọ́n bá mú, àtẹni tó ṣe é, àtẹni tí kò ṣe é, láti wákàtí tí wọ́n ti mú un.

Orí yìí dá lórí ẹni tí a fẹ̀sùn kàn. Nàìjíríà ni ọ̀rọ̀ náà dá lé jù, nítorí láàárín nǹkan bí ogójì ọdún, orílẹ̀-èdè yìí ti dán gbogbo ọ̀nà líle wọ̀nyí wò, ó sì ti pa àwọn kan tì. Àpẹẹrẹ láti Singapore, Saudi Arabia, Brazil àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò wọlé níbi tí wọ́n bá ti la ọ̀rọ̀ yéni.

Láti 1935 dé 1999

Ìjọba amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì ló ṣe òfin oògùn olóró àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ní 1935. Ní 1966, ìjọba ológun gbé dìkíríì kan jáde lórí igbó, tó sọ pé ikú tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún mọ́kànlélógún ni ìjìyà ẹni tó bá gbìn ín. Òfin yìí le ju ohun tí ọwọ́ adájọ́ ṣe tán láti lò lọ. Ní 1975, ìjọba ológun mìíràn yọ ikú kúrò nínú rẹ̀, ó sì dín ìjìyà ẹni tí wọ́n bá ká igbó mọ́ lọ́wọ́ kù.

Ọdún 1984 ni nǹkan yí padà pátápátá. Ìjọba Ọ̀gágun Muhammadu Buhari, tó gbàjọba ní 31 December 1983, ṣe Dìkíríì 20. Dìkíríì yìí kó oríṣiríṣi ẹ̀ṣẹ̀ pọ̀ sójú kan, láti bíba páìpù epo jẹ́ títí dé dídáná sun ilé ìjọba, ó sì fi òwò oògùn olóró kún un. Ìbọn ni ìjìyà rẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ àkànṣe ni yóò gbọ́ ẹjọ́, àwọn ológun tó ń ṣèjọba ni yóò fọwọ́ sí ìdájọ́ náà, kò sì sí ilé-ẹjọ́ tí ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi lè gbé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lọ. Ohun tó burú jù nínú rẹ̀ ni pé wọ́n mú un ṣẹ́yìn: ó kan ohun tí ènìyàn ti ṣe kí wọ́n tó kọ dìkíríì náà rárá.

Ní 10 April 1985, lábẹ́ dìkíríì yìí, wọ́n yìnbọn pa ọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n dá lẹ́bi òwò oògùn olóró ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Kirikiri ní Èkó. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ọ̀kan, èkejì jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ẹ̀kẹta sì jẹ́ ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Nígbà tí wọ́n mú wọn, ẹ̀wọ̀n ni òfin ìlú pèsè fún ẹ̀sùn wọn. Wọ́n ti wà ní àhámọ́ kí ìjìyà tó di ikú. Wole Soyinka wà lára àwọn tó pariwo síta pé ìpànìyàn ni èyí, ẹjọ́ kọ́. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Kò sí ìlànà òfin kankan, ì báà ṣe ti ìbílẹ̀ tàbí ti òyìnbó, tó gbà kí ènìyàn jìyà òfin tí kò tíì sí lọ́jọ́ tó ṣẹ̀. Àwọn mìíràn tún wà tí wọ́n ti dájọ́ ikú fún lábẹ́ dìkíríì kan náà, obìnrin sì wà nínú wọn. Ìyípadà ìjọba ní August 1985 ló dá ẹ̀mí wọn sí. Ní 1986, ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida fi ẹ̀wọ̀n gbére rọ́pò ikú. Àtúnṣe náà dé nígbà tí àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ ti wà nínú sàréè láti ọdún tó ṣáájú.

Ní December 1989, Dìkíríì 48 dá NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, sílẹ̀. Òun ni òfin tí wọ́n ń lò títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti ń pè é ní Òfin NDLEA láti ìgbà tí ìjọba alágbádá ti dé. Abala 11 rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ dá lé. Ẹ̀wọ̀n gbére ló wà fún ẹni tó bá kó oògùn olóró wọ̀lú, tó kó o jáde, tó gbìn ín tàbí tó tà á. Ẹni tí wọ́n bá ká a mọ́ lọ́wọ́, tó sì mọ ohun tó jẹ́, lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n gbára. Nígbà tí ìjọba ológun kógbá sílé ní 1999, wọ́n kó àwọn ẹjọ́ wọ̀nyí kúrò lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ àkànṣe wá sí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀, níbi tí Òfin Ìpìlẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́.

Kò tọ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ rò pé inú Nàìjíríà nìkan ni líle òfin yìí ti wá. Àdéhùn àgbáyé ti 1988, tí wọ́n ṣe ní Vienna, rọ gbogbo orílẹ̀-èdè láti fi ìyà tó gbóná jẹ àwọn oníṣòwò oògùn olóró. Ní 1994, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé Nàìjíríà kò sa ipá tó láti gbógun ti òwò náà, èyí tó dí ọ̀nà ìrànwọ́ owó kan fún Nàìjíríà fún ọdún mélòó kan. Ìjọba tó bá wà lábẹ́ irú ojú bẹ́ẹ̀ yóò fẹ́ ní nǹkan tí yóò tọ́ka sí, ohun tó sì rọrùn jù láti kà ni iye ènìyàn tí wọ́n mú àti iye tí wọ́n sọ sẹ́wọ̀n. Ẹni tó rọrùn jù láti mú ni ẹni tó gbé ẹrù náà lọ́wọ́.

Láti pápákọ̀ òfurufú dé iwájú adájọ́

Púpọ̀ nínú ẹjọ́ tí ìwé ìròyìn ń gbé jáde máa ń bẹ̀rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkejà. Wọ́n fura sí arìnrìn-àjò kan, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń wo inú ara, wọ́n sì rí nǹkan nínú ikùn rẹ̀. Láti ìgbà náà, abẹ́ ìṣọ́ ló wà. Yóò máa jẹun, yóò máa mu omi, yóò sì máa yàgbẹ́ lójú àwọn òṣìṣẹ́ NDLEA títí gbogbo ìdì tó gbé mì yóò fi jáde. Ó lè gba ọjọ́ mélòó kan. Bí ìdì kan bá bẹ́ sínú rẹ̀, ó lè kú kí dókítà tó débẹ̀. Nínú gbogbo àkókò yìí, ọ̀pọ̀ wọn kò tíì rí lọ́yà kankan sójú.

Lẹ́yìn náà ni ètò kan wà tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ òfin mọ̀ dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ẹjọ́ ti ń dúró tàbí ti ń ṣubú. Wọ́n á wọn ohun tí wọ́n rí lójú afurasí. Wọ́n á bu díẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n á ta kẹ́míkà sí i láti wò bóyá àwọ̀ rẹ̀ yóò yí padà. Wọ́n á dì í sínú àpò ọ̀rá tó mọ́ gaara, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ pa, wọ́n á kọ ìwọ̀n rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù, wọ́n á sì ní kí afurasí fọwọ́ sí i. Àpò náà yóò wá lọ sí ilé àyẹ̀wò, tí onímọ̀ kẹ́míkà yóò sì kọ ìwé èsì. Ní ilé-ẹjọ́, olùpẹjọ́ ní láti fi hàn pé ohun tó kúrò lọ́wọ́ afurasí ni ohun tó dé ilé àyẹ̀wò, pé òun náà ló sì wà lórí tábìlì adájọ́ yìí. Bí ìwọ̀n inú fọ́ọ̀mù kan bá yàtọ̀ sí ti èkejì láìsí àlàyé, tàbí bí kò bá sí ẹni tó lè sọ ẹni tó tọ́jú àpò náà fún ọ̀sẹ̀ kan, lọ́yà tó mọṣẹ́ yóò di ibẹ̀ mú. Ẹni tí kò ní lọ́yà kò ní mọ̀ pé ohun kan wà níbẹ̀ tó ṣeé dì mú.

Ọ̀rọ̀ ìjẹ́wọ́ tún wà. Òfin Ẹ̀rí ti 2011 sọ pé ìjẹ́wọ́ tí wọ́n fi ìyà tàbí ìhalẹ̀ gbà lẹ́nu ènìyàn kò wúlò. Òfin Ìgbẹ́jọ́ Ọ̀daràn ti 2015, tí àwọn lọ́yà ń pè ní ACJA, tún sọ pé ó yẹ kí wọ́n gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ sórí fídíò, àti pé lọ́yà tàbí ẹlòmíràn tí afurasí yàn lè wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti lo ọjọ́ mẹ́ta lábẹ́ ìṣọ́, tí ojú ń tì, tí ẹ̀rù ikùn ara rẹ̀ ń bà, tí wọ́n sì ti sọ fún un pé ẹ̀wọ̀n gbére ló ń lọ, kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn mọ́ lórí ohun tí wọ́n bá kọ. Bí ìjìyà bá ṣe ga tó ni ìhalẹ̀ ṣe ń wúwo tó, kódà bí ẹnikẹ́ni kò bá na pàṣán.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Abala 36 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ 1999 to ẹ̀tọ́ olùjẹ́jọ́ sílẹ̀ ní kíkún. Aláìṣẹ̀ ni olùjẹ́jọ́ títí ẹ̀rí yóò fi dá a lẹ́bi. Wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ẹ̀sùn rẹ̀ fún un ní èdè tó gbọ́, kí wọ́n fún un ní àkókò tó tó láti múra, kí ó sì lè gba lọ́yà. A kò lè fi òfin tí kò sí lọ́jọ́ tó ṣe nǹkan jẹ ẹ́ níyà, a kò sì lè tún un gbẹ́jọ́ lórí ẹ̀sùn tí ilé-ẹjọ́ ti parí. Abala 35 sọ pé ẹni tó wà ní àhámọ́, tí wọn kò bá tíì gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ láàárín oṣù méjì, gbọ́dọ̀ gba ìtúsílẹ̀, yálà pátápátá tàbí pẹ̀lú àwọn àdéhùn tí yóò mú kó padà wá jẹ́jọ́.

Bí nǹkan ṣe rí ní ojú ayé yàtọ̀ gan-an sí èyí. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà ni àwọn tí ẹjọ́ wọn kò tíì parí. Fún olùjẹ́jọ́ lórí oògùn olóró, béèlì máa ń béèrè onídùúró tó ní ilẹ̀ tàbí ilé ní àdúgbò ilé-ẹjọ́, pẹ̀lú ìwé rẹ̀ tó pé. Ẹni tó ta ara rẹ̀ láti gbé ẹrù nítorí gbèsè kò lè ní irú ẹbí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ni ẹrù ní irú ẹbí bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá tilẹ̀ rí i mú.

Nígbà tí ìjìyà bá di ikú

Ó yẹ kí a dúró lórí kókó yìí dáadáa, nítorí pé ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn lórí ìjìyà ikú máa ń fò ó dá. Àwọn ènìyàn ń bi ara wọn bóyá ikú yóò dẹ́rù ba ọ̀daràn. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń béèrè ohun tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn, ikú, ń yí padà nínú ìwé òfin fún ẹni tí kò tíì jẹ̀bi ohunkóhun.

Ẹ̀tọ́ oṣù méjì tí a mẹ́nu bà lókè kò kan ẹni tí wọ́n fura sí pé ó ṣe ẹ̀ṣẹ̀ tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ikú. Òfin Ìpìlẹ̀ fúnra rẹ̀ ló yọ ọ́ sílẹ̀, ní abala 35 yẹn kan náà. Béèlì tún ńkọ́? Lábẹ́ ACJA, ẹni tí ìjìyà ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ju ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta lọ ní ẹ̀tọ́ sí béèlì àfi bí ilé-ẹjọ́ bá rí ìdí láti kọ̀ ọ́, bí àpẹẹrẹ bí ó bá ṣeé ṣe kí ó sá lọ tàbí kí ó ba ẹ̀rí jẹ́. Bí ìjìyà bá jẹ́ ikú, ọ̀rọ̀ á yí padà sódì. Adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga nìkan ló lè fún un ní béèlì, ó sì di ìgbà tí nǹkan àrà ọ̀tọ̀ bá wà, irú bí àìsàn tí dókítà ilé ìwòsàn ìjọba jẹ́rìí sí, tàbí ìdádúró ẹjọ́ tó ti ju ọdún kan lọ.

Ọ̀nà ìdúnàádúrà pẹ̀lú olùpẹjọ́ náà yóò dí. Lónìí, ẹni tó bá jẹ̀bi, tó sì ṣe tán láti sọ ẹni tó rán an, lè bá ìjọba ṣàdéhùn kí ìjìyà rẹ̀ lè fúyẹ́. Nínú ẹjọ́ ikú, bí olùjẹ́jọ́ tilẹ̀ ní òun jẹ̀bi, ilé-ẹjọ́ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò jẹ̀bi, kí ìgbẹ́jọ́ sì máa lọ ní kíkún. Ìlànà yìí dára, ó ń dáàbò bo ẹ̀mí. Ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé ẹjọ́ tí ìbá parí láàárín oṣù díẹ̀ yóò di ti ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí ẹni tí ẹjọ́ náà kàn yóò wà ní àhámọ́ láìní béèlì.

Àǹfààní kan wà tó ń bá ẹ̀sùn tó wúwo rìn: ilé-ẹjọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹni tí ẹ̀sùn ikú tàbí ti ẹ̀wọ̀n gbére bá kàn jẹ́jọ́ láìní lọ́yà. Àjọ Legal Aid Council, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1976, wà fún àwọn tálákà. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ àwọn lọ́yà rẹ̀ ju bí wọ́n ṣe pọ̀ tó lọ.

Ta ló mọ ohun tó wà nínú báàgì?

Nínú ẹjọ́ oògùn olóró, ẹ̀rí pé báàgì wà lọ́wọ́ ènìyàn kì í sábà le. Ìmọ̀ ló máa ń le: ṣé ó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀? Àwọn orílẹ̀-èdè kan yanjú ìṣòro yìí fún olùpẹjọ́ nípa kíkọ ọ́ sínú òfin pé ẹni tí wọ́n bá ká ẹrù mọ́ lọ́wọ́ mọ̀ ọ́n, àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá lè fi hàn pé òun kò mọ̀.

Ẹjọ́ ọmọ Nàìjíríà kan ní Singapore fi ohun tí èyí ń ṣe hàn kedere. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni nígbà tí wọ́n mú un ní pápákọ̀ òfurufú Changi ní November 2004, pẹ̀lú heroin tó lé ní 700 gíráàmù nínú àwọn kápúsù. Bọ́ọ̀lù ló ní òun ń wá gbá káàkiri. Ní Singapore, bí heroin bá ti ju 15 gíráàmù lọ, ikú ni. Adájọ́ kọ ọ́ sínú ìdájọ́ rẹ̀ pé kò sí ẹ̀rí tààrà pé ọ̀dọ́mọkùnrin náà mọ̀ pé heroin ló wà nínú kápúsù wọ̀nyẹn. Síbẹ̀ ó dá a lẹ́bi, nítorí òfin ti kà á sí ẹni tó mọ̀, kò sì rí ohun tó lè fi já òfin náà nírọ́. Ààrẹ Olusegun Obasanjo kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba Singapore. Wọ́n so ọ́ kọ́ ní 26 January 2007. Lábẹ́ òfin tí ìjọba gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí ìmọ̀ kalẹ̀, gbólóhùn adájọ́ yẹn ìbá ti tó láti sọ ìyè méjì di ìdáǹdè.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan láti Kano sún mọ́lé ju èyí lọ. Ní December 2018, òun àti àwọn ẹbí rẹ̀ lọ sí Saudi Arabia fún Ùmúrà. Ní pápákọ̀ òfurufú Kano, àwọn kan lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ báàgì tí tramadol wà nínú rẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kó bá ọkọ̀ òfurufú náà lọ. Wọ́n mú un lẹ́yìn tó débẹ̀. Ní Saudi, wọ́n máa ń bẹ́ orí ẹni tí wọ́n bá dá lẹ́bi òwò oògùn olóró. Àwọn òṣìṣẹ́ aláṣẹ ní Nàìjíríà ṣe ìwádìí, wọ́n mú àwọn òṣìṣẹ́ pápákọ̀ òfurufú tó wà nídìí iṣẹ́ ibi náà, wọ́n sì gbé ẹ̀rí náà lọ bá ìjọba Saudi. Ó gba ìtúsílẹ̀ ní 30 April 2019. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kan náà, wọ́n ti bẹ́ orí obìnrin ọmọ Nàìjíríà mìíràn níbẹ̀ lórí ẹ̀sùn oògùn olóró. Ohun tó gba akẹ́kọ̀ọ́ náà là ni àkókò, ariwo àwọn ọ̀dọ́ lórí ayélujára, àti ìjọba tó rán ènìyàn lọ. Ẹni tí kò ní ẹbí tó lè pariwo kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀.

Malaysia náà ní òfin tó jọ ti Singapore. Ní 2019, ilé-ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ fagi lé apá tó jẹ́ kí olùpẹjọ́ to ìgbàgbọ́ kan lé èkejì lórí láìní ẹ̀rí, nígbà tó sì di 2023, ìjọba ibẹ̀ mú òfin tó sọ ìjìyà ikú di dandan kúrò.

Ìwọ̀n ẹrù àti ipa tí ènìyàn kó

Òfin líle fẹ́ràn òṣùwọ̀n. Ìwọ̀n rọrùn láti kọ sínú ìwé: gíráàmù báyìí, ọdún báyìí. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n kì í mọ ẹni tó ni ọjà yàtọ̀ sí ẹni tó rù ú. Yorùbá mọ ìyàtọ̀ yìí tipẹ́, wọ́n sì gbé ẹ̀bi tó pọ̀ jù lé ẹni tó yẹ: ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Ẹni tó ni kokéènì kì í gbé e mì. Owó díẹ̀ ló fi ń wá ẹni tí yóò gbé e mì fún un, obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ọ̀dọ́ tí físà rẹ̀ kò jáde, oníṣòwò tí gbèsè bò mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá mú ọ̀kan, yóò wá òmíràn.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti rin ọ̀nà méjèèjì, ti ìwọ̀n ẹrù àti ti ipa tí ènìyàn kó. Ní 1985, wọ́n gbé ìjìyà tó ga jù fún àwọn oògùn bíi heroin àti kokéènì láti ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rìnlá sí ẹ̀wọ̀n gbére, àwọn adájọ́ sì ń fi iye àti ìwọ̀n ẹrù pinnu ọdún. Láàárín 1980 sí 2000, àwọn obìnrin láti Nàìjíríà pọ̀ nínú àwọn àjèjì tó wà ní ẹ̀wọ̀n obìnrin níbẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ìyá ọmọ tí kò tíì rìnrìn-àjò òkè òkun rí. Àjọ aláàánú Hibiscus, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1991, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nítorí irú àwọn bẹ́ẹ̀, tí ọmọ wọn wà nílé tí kò mọ ibi tí ìyá wà. Ní February 2012, ìlànà ìdájọ́ tuntun mú kí adájọ́ kọ́kọ́ béèrè ipa tí olùjẹ́jọ́ kó: ṣé aṣáájú ni, ṣé òun ló ṣètò, tàbí ẹni tí wọ́n kàn lò? Lórí nǹkan bíi kílò márùn-ún heroin, ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rìnlá ni ìbẹ̀rẹ̀ ìṣirò fún aṣáájú, ọdún mẹ́jọ sì ni fún ẹni tí ipa rẹ̀ kéré. Ìwọ̀n ẹrù kan náà, ìjìyà méjì. Ìlànà yìí bọ́gbọ́n mu ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Singapore gbìyànjú irú rẹ̀ ní 2012, àmọ́ ó fi ìkọ́ sí i. Ẹni tó kàn gbé ẹrù lè bọ́ lọ́wọ́ ikú bí olùpẹjọ́ bá jẹ́rìí pé ó ran ìjọba lọ́wọ́ ní tòótọ́ láti dojú òwò náà bolẹ̀. Èyí dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ jù ló ní ohun tó lè tà. Agbérù tó kàn pàdé ọkùnrin kan ní òtẹ́ẹ̀lì, tí orúkọ tó sì fún un kì í ṣe orúkọ gidi, kò ní nǹkan kan láti sọ.

Àìsí òṣùwọ̀n náà ní ewu tirẹ̀. Ní Brazil, òfin 2006 yọ ẹ̀wọ̀n kúrò fún ẹni tó ń lo oògùn olóró, ó sì gbé ìjìyà tó kéré jù fún oníṣòwò rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Òfin náà kò sọ iye tó ya oníṣòwò kúrò lára ẹni tó ń lò ó. Ọlọ́pàá àti adájọ́ ni wọ́n ń fi àdúgbò àti ìṣesí ènìyàn pinnu. Àwọn ọ̀dọ́ adúláwọ̀ ní àdúgbò tálákà ni wọ́n sábà máa ń pè ní oníṣòwò, kódà ní Bahia níbi tí àwọn àtọmọdọ́mọ Yorùbá pọ̀ sí, nígbà tí ẹni tó ní iye kan náà ní àdúgbò olówó á lọ sílé. Ní June 2024, ilé-ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ sọ pé ẹni tí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju 40 gíráàmù igbó lọ ni kí wọ́n kà sí ẹni tó ń lò ó, àyàfi bí ẹ̀rí mìíràn bá wà.

Lẹ́yìn ìdájọ́, àti ìdájọ́ lẹ́ẹ̀kejì

Dìkíríì 33 ti 1990 fi ohun kan kún òfin NDLEA tí kò wọ́pọ̀ láyé. Ọmọ Nàìjíríà tí ilé-ẹjọ́ òkè òkun bá dá lẹ́bi òwò oògùn olóró ti ba orúkọ orílẹ̀-èdè rẹ̀ jẹ́, ó sì lè tún fi ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún jura nígbà tó bá padà délé, kí wọ́n sì gba dúkìá rẹ̀. Àwọn tó ti parí ẹ̀wọ̀n wọn ní Lọ́ńdọ̀nù fi ìbẹ̀rù dìkíríì yìí bẹ adájọ́ níbẹ̀ pé kí wọ́n má dá àwọn padà. Olùṣòfin lè sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ méjì ni, ọ̀kan sí ilẹ̀ òkèèrè, ọ̀kan sí ilẹ̀ ẹni. Ẹ̀bi kan náà, báàgì kan náà, ọjọ́ kan náà ni wọ́n fi gbé e dìde, abala 36 Òfin Ìpìlẹ̀ kò sì lè bá irú òfin bẹ́ẹ̀ gbé ní àlàáfíà.

Gbígbẹ́sẹ̀ lé dúkìá máa ń kan àwọn tí a kò fẹ̀sùn kàn. Bí wọ́n bá ti ilé pa kí ẹjọ́ tó parí, ayálégbé, ìyàwó àti ọmọ ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára. Òfin gba irú àṣẹ fún ìgbà díẹ̀ bẹ́ẹ̀ láàyè kí olówó má baà tètè ta ohun tó fi owó oògùn rà. Ìdí yẹn tọ́. Ohun tí kò tọ́ ni pé kí àṣẹ fún ìgbà díẹ̀ máa gùn bí ẹjọ́ náà ṣe ń gùn.

Ìbò ọdún 2024

Ní 9 May 2024, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà fohùn sí i pé kí ikú rọ́pò ẹ̀wọ̀n gbére gẹ́gẹ́ bí ìjìyà tó ga jù nínú Òfin NDLEA. Sẹ́nétọ̀ Adams Oshiomhole wà lára àwọn tó sọ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ènìyàn kì í ṣe ohun tí à ń fi ìkánjú ṣe. Ìbò yẹn nìkan kò sọ ọ́ di òfin, nítorí ẹ̀wọ̀n gbére ló ṣì wà nínú ẹ̀dà ti Ilé Aṣojúṣòfin.

Àwọn tó fẹ́ ikú ní ìdí tó yé ènìyàn. Tramadol àti igbó ti ba ọ̀pọ̀ ọmọ jẹ́ ní gbogbo ìlú, kò sì sí ìdílé tí kò mọ ẹnì kan tó ti bọ́ sínú rẹ̀. Ní September 2022, NDLEA rí kokéènì tó lé ní 1,800 kílò nínú ilé kan ní Ìkòròdú. Irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kì í gba ikùn agbérù kankan. Ìwádìí, ìsọfúnni láti òkè òkun àti ìṣọ́ ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n fi rí i, ẹ̀wọ̀n gbére tó wà nínú òfin sì tó fún ẹnikẹ́ni tí ilé-ẹjọ́ bá dá lẹ́bi rẹ̀. Ohun tó ń dẹ́rù ba oníṣòwò ńlá ni pé kí ó dá a lójú pé wọn yóò mú òun. Ìwé òfin tó ga kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn.

Nàìjíríà wọ inú àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ará ìlú àti ìṣèlú ní 1993. Àdéhùn náà sọ pé orílẹ̀-èdè tó ṣì ń lo ìjìyà ikú kò gbọdọ̀ lò ó àfi fún ẹ̀ṣẹ̀ tó burú jù, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó o sì ṣàlàyé ní 2018 pé òwò oògùn olóró kò sí lára irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí Nàìjíríà bá dá ikú padà sínú òfin yìí, ẹni tí yóò kọ́kọ́ jìyà rẹ̀ ni afurasí tó wà ní àhámọ́, tí adájọ́ kò tíì rí ojú rẹ̀. Ẹ̀tọ́ oṣù méjì àti ọ̀nà béèlì rẹ̀ yóò ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ bóyá báàgì náà jẹ́ tirẹ̀.